Ẹ yéé da ọ̀tápíápíá sára ajá, inú ògiri àti igbó ẹ̀gbẹ́ ilé yín ni eégbọn ń gbé

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí ìwé ìròyìn yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tẹ́ ẹ máa ń fi ti àwọn òǹkàwé sí. Mo mọ̀ pé ó gùn díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gé e kúrú kò burú, àmọ́ ẹ má gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ọ̀tápíápíá, torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ eégbọn ni, òun àti iná ajá, ìyẹn àwọn wẹ́wẹ́ dúdú tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ mú wọn báyìí, wọ́n ti fò. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, mo mọ̀, wọ́n á ní pẹ̀lú bí epo ṣe wọ́n tí iná ò sì sí, eégbọn ni bàbá yìí rí kọ lẹ́tà lé lórí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ síi yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé sáwọn àdúgbò tuntun létí ìlú Ìbàdàn níbí, lọ́nà Mọ́níyà, ní Àpẹ̀tẹ̀, ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tí agbára wa ká la ti ra ilẹ̀, ibi tí agbára wa ká náà nigbó wà, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ẹlòmíì báyìí òkété ló ń gbẹ́lẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré lórí igi, ọ̀yà ń jẹ ewéko. Nítorí olè, kálukú ra ajá. Ajá wọgbó lọ, ajá padà wálé, a ò rí àwọn tó bá a wọlé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù ni mí ládùúgbò tiwa, níbi tí ọ̀rọ̀ ajá ti máa ń dá ìjà sílẹ̀ ju owó tiransífọ́mà lọ. Ohun tí mo bá sì sọ níbí, inú míítìn àti inú ilé àwọn èèyàn ni mo ti rí i, yàtọ̀ sí èyí tí mo bi àwọn dókítà ẹranko léèrè.

Nǹkan táwọn èèyàn wa ń ṣe rèé. Bí wọ́n bá ti rí i pé eégbọn ti bo etí ajá, ohun tí wọ́n máa dà sí i lára ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Ẹlòmíì á da kẹrosíìnì. Ẹlòmíì á lọ bá mẹkáníìkì pé kó bu ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tó ti dúdú fún òun, á fi kun ajá látorí dé ìrù, ajá á máa fi ara nu ògiri kiri, awọ ẹ̀ á bó, eégbọn á kàn sún sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ níbi tí ọ́ìlì ò dé. Àwọn kan tí bàbá wọn fi Gammalin inú oko kòkó sílẹ̀ dè wọ́n náà ń bù ú, oògùn tó jẹ́ pé bó bá wọlẹ̀ báyìí, ó ń pẹ́ gan-an kó tó kúrò. Èyí tó wá gbòde jù ni ọ̀tápíápíá, ìgò kékeré tí wọ́n ń gbé kiri lórí wíìbáárọ̀, òun àti èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sniper. Oògùn apakòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní DDVP ló sábà máa ń wà nínú àwọn méjèèjì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí aládùúgbò mi kan ro ó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó fi wẹ ajá Alsatian rẹ̀. Àwọn ọmọ ló bá a di ajá mú, ọwọ́ lásán, kò tiẹ̀ sí ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì tú ajá náà sílẹ̀ tán tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara ẹ̀, kò pẹ́ sígbà yẹn, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ bọ̀ọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbọ̀n, dúdú inú ẹyinjú ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó ń mí gúlegúle, ó yàgbẹ́ sára. Nígbà tí dókítà ẹranko dé tó sì gún un lábẹ́rẹ́ tán, kò tiẹ̀ tíì bi wọ́n ní nǹkankan nípa ajá, ó ní káwọn ọmọ lọ fọṣẹ wẹ ọwọ́ wọn dé ìgbọ̀nwọ́, kí wọ́n sì bọ́ aṣọ tó wà lọ́rùn wọn. Orí kó ajá náà yọ. Lọ́jọ́ kejì, mo rí eégbọn lára férémù ilẹ̀kùn ilé ajá yẹn, ó ń gun òkè lọ jẹ́jẹ́, bíi pé nǹkankan ò ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń pa kòkòrò nínú oògùn yẹn náà ló ń pa ajá, òun náà ló lè pa ọmọ èèyàn. Ó ń da iṣẹ́ iṣan ara rú, iṣan ò ní lè sinmi mọ́, itọ́ àti omi á kún ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, èémí á dí. Kò dìgbà téèyàn bá mu ún, ó ń gba awọ ara wọlé, ó ń gba imú wọlé. Lọ́dún 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré oní 100 ml DDVP yìí lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ lọ sọ́jà tó bá sún mọ́ yín lónìí kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní rí i. Ẹ̀wà pàápàá, wọ́n ń fọ́n ọn sí i, àmọ́ ìyẹn lẹ́tà mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo eégbọn fúnra ẹ̀, torí pé béèyàn bá mọ bó ṣe ń gbé ayé ẹ̀, á rí i pé ajá ni ibi tó ti ń lo àkókò tó kéré jù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ajá lọ́dọ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rhipicephalus sanguineus, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gun ajá láyé ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ń sọ̀. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, kò tóbi ju iyanrìn lọ, á gun ajá, á mu ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, á já bọ́, á lọ fara pamọ́ sínú ògiri, á bọ́ awọ, á di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Á tún gun ajá, á tún mu, á tún sọ̀ kalẹ̀, á di àgbà. Àgbà á tún wá gùn ún. Abo ló máa ń wú, òun lẹ ó rí tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ tó ní àwọ̀ eérú. Bó bá ti yó tán, á já bọ́, kò sì ní dúró sílẹ̀, ògiri ló máa gùn. Ìwà tiẹ̀ nìyẹn, ó fẹ́ràn òkè. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn férémù ilẹ̀kùn, ẹ wo ibi tí síìlìn ti pàdé ògiri, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ẹ wo inú ihò blọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì tẹ́ ẹ kọ́ tẹ́ ẹ ò rẹ́. Ibẹ̀ ló máa yé ẹyin sí, ẹyin abo kan ṣoṣo sì lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, tó bá ti yé e tán, á kú. Níbi tí ooru wà bíi tiwa níbí, kò ju nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lọ tí àwọn ọmọ ẹ̀ náà á ti di ìyá.

Nítorí náà, ẹni tó bá wẹ ajá lónìí, ìwọ̀nba tó wà lára ajá lónìí ló rí wẹ̀. Àwọn tó kù wà lókè, wọ́n ń wò ó.

Àwọn kan wá ní àwọn á ta ajá, ká má rí i mọ́ rárá. Ìdílé kan ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, wọ́n fún mọ̀lẹ́bí wọn ní Bíńgò pé kó máa gbé e lọ, ni eégbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ màmá àgbà tó ń sùn nítòsí kọ́rídọ̀. Kì í ṣe pé eégbọn ajá fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ èèyàn, àmọ́ tí kò bá rí ajá, á gba ohun tó bá rí. Eégbọn tó ti dàgbà sì lè fara da ebi ju ọdún kan lọ nínú ihò ògiri.

Iná ajá, ìwà tiẹ̀ yàtọ̀. Òun kì í gun ògiri, ilẹ̀ ló fẹ́. Abo ẹ̀ lè yé tó ogójì ẹyin lójúmọ́ sára ajá tàbí ológbò, ẹyin yẹn funfun, ó ń dán, kì í lẹ̀ mọ́ irun, nítorí náà ibi tí ajá bá sùn sí tàbí tó gbọn ara sí ni gbogbo ẹ̀ ń dà sí. Ó máa ń di ìdin tín-ín-rín tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, á wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, á wọ abẹ́ ṣíà, á wọ inú iyanrìn tó wà lábẹ́ igi níbi tí ajá máa ń gbẹ́ ihò sí láti tutù. Lẹ́yìn náà á ran òwú bo ara ẹ̀. Nínú òwú yẹn ló ti burú, torí ó lè dúró níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí tó fi máa gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn tàbí ẹranko, ìmìtìtì ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti ooru ara àti èémí wa ló ń jí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdílé kan gbé ajá wọn lọ síbòmíì, wọ́n sì lọ ọdún Iléyá nílùú wọn, wọ́n ti ilé pa. Ìgbà tí wọ́n dé tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n tó gbé báàgì sílẹ̀, nǹkan ti ń jẹ wọ́n lọ́rùn ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ajá nílé láti ọjọ́ yìí wá. Ìyàwó ilé ní ẹnì kan ti da nǹkan síwájú ilé àwọn ni. Wọ́n ti ń wá ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnì kan tó ní kí wọ́n ṣí rọ́ọ̀gì palọ̀ wò. Iná ajá ni o. Ó ti wà nínú òwú ẹ̀ látìgbà tí ajá ti wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ló jí i.

Ẹni tí ò bá dá a lójú pé iná ló ń yọ ajá òun lẹ́nu, kó fi kóòmù eyín wẹ́wẹ́ ya irun ìdí ajá náà sórí tíṣù funfun tó ti fi omi tutù sí. Bí àwọn hóró dúdú tó já bọ́ bá ń yọ pupa sórí tíṣù, ìgbẹ́ iná ni, ẹ̀jẹ̀ tó ti mu ló ń yọ yẹn. Bí kò bá yọ pupa, eruku lásán ni. Ẹ tún rántí pé iná yìí ló máa ń gbé aràn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bí hóró ìrẹsì ní ìdí ajá, ọmọ kékeré tó ń bá ajá ṣeré tó bá ṣèèṣì gbé iná mì náà lè kó o.

Jìgá táwọn ìyá wa fi abẹ́rẹ́ yọ lẹ́sẹ̀ wa, ẹbí iná ajá ni òun náà. Ìlú Brazil ni wọ́n ti fi ọkọ̀ òkun gbé e dé Àǹgólà lọ́dún 1872, láti ibẹ̀ ló ti gba gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹ má sì rò pé ó ti tán. Àwọn onímọ̀ ṣèwádìí nípa ẹ̀ ní Erékítí, abúlé kan nítòsí Badagry, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2007, ó sún mọ́ ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tó ní jìgá lára. Ilé tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀ jẹ́ iyanrìn tàbí amọ̀, ilé tí ẹlẹ́dẹ̀ ń rìn kiri nínú ọgbà, àwọn ibẹ̀ ló pọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọgbà náà la tún bá pàdé yẹn.

Tó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ́ fẹ́ǹsì yín, ó kéré tán apá ibi tí ilé ajá wà. Mo mọ bí sìmẹ́ǹtì ṣe wọ́n tó lásìkò yìí, àmọ́ ká dí ihò àti ojú ibi tó là lára ògiri kò gbà tó àpò kan. Ibi tí ajá ń sùn, ẹ má fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù tàbí àpò ìrẹsì tẹ́ ẹ kì í fọ̀ sí i, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ lè máa fi omi gbígbóná fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì sá a sóòrùn gangan. Omi híhó dára fún ilẹ̀ àti ògiri ilé ajá, ẹ kàn kó ajá àtọmọdé kúrò ńbẹ̀ ná. Ẹ máa gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa ká rọ́ọ̀gì, ohun tẹ́ ẹ bá sì gbá, ẹ má dà á sẹ́yìn fẹ́ǹsì, ẹ dì í sínú ọ̀rá kó bá ìdọ̀tí lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fọ́n oògùn sílé, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá yín fọ́n ọn sínú ihò àti igun, kì í ṣe káàkiri orí ṣíà, oògùn tó sì ní lébẹ́ẹ̀lì tó sọ pé ó wà fún inú ilé. Ẹ tún un fọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí àwọn tó wà nínú ẹyin àti nínú òwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oògùn ò rí wọn pa.

Ọgbà ló kù, ibẹ̀ sì niṣẹ́ pọ̀ sí, pàápàá láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹwàá. Nínú igbó, eégbọn kì í fò, kì í já bọ́ látorí igi gíga bí àwọn kan ṣe ń sọ. Orí koríko ló máa ń gùn, á na ẹsẹ̀ iwájú síta, á dúró de ohun tó bá fara kàn án. Nítorí náà koríko gíga lọ̀tá. Ẹ gé e mọ́lẹ̀, ẹ sì kó èyí tẹ́ ẹ gé kúrò, torí ewé tó bá jókòó sílẹ̀ tó ń rà, abẹ́ ẹ̀ tutù, ohun tí kòkòrò ń wá nìyẹn. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ máńgòrò àti ìgbá kí oòrùn lè kanlẹ̀, ìdin iná kì í yè nínú oòrùn gbígbóná àti ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn pákó tí kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀ látọdún tẹ́ ẹ kọ́lé, àwọn táyà àlòkù, òkìtì blọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ ní ẹ máa fi kọ́ BQ lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ilé eku ni, eku tó ń ti igbó wọlé náà ló ń gbé eégbọn àti iná wọlé. Fún ẹ̀yin tí igbó fara kan ilẹ̀ yín gan-an, ẹ fi nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ láàárín igbó àti ọgbà, kẹ́ ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ibi gbígbẹ tó gbóná ni, eégbọn ò fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kí ilé ajá àti ibi táwọn ọmọ ti ń ṣeré jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ má kàn dáná sungbó o, pàápàá nígbà ọyẹ́, a ti rí ibi tí iná ti kúrò lára koríko tó bọ́ sórí òrùlé.

Àwọn tó ń ra ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹran bá ti kú tó sì ń tutù, eégbọn àti iná tó wà lára ẹ̀ ń wá ẹni tí wọ́n máa bọ́ sí lára ni. Ẹni tó gbé òkété sí bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì títí di alẹ́ kó tó wi í, ó ti pín wọn fún gbogbo ilé. Ìta ni kẹ́ ẹ ti wi í, lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n máa ń dá ẹ̀bi gbogbo ẹ̀ lé màlúù lórí. Lóòótọ́, màlúù tó bá kọjá ń já eégbọn sínú koríko, àwọn eégbọn ńlá kan tó ní àwọ̀ mèremère lára, èyíinì máa ń gbé ara màlúù gan-an. Àmọ́ ewúrẹ́ tiwa ńkọ́? Ajá tí a ń tú sílẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ tó ń lọ bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lórí ààtàn tó sì ń padà wọlé láàárọ̀ ńkọ́? Eégbọn tó wà létí ajá yín kì í ṣe ti màlúù.

Ní ti oògùn ara ajá, ẹ lọ rí dókítà ẹranko. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà tí ajá máa jẹ tó máa fi ń pa eégbọn àti iná fún oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta, oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn wà, bẹ́líìtì ọrùn náà wà. Owó ẹ̀ ga, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ ẹ ṣírò iye tẹ́ ẹ ti fi ra ìgò lórí wíìbáárọ̀ látọdún tó kọjá. Àwọn tó ń gbé báàgì kiri tí wọ́n ń gún ajá lábẹ́rẹ́ Ivomec, tí wọn ò wọn ajá, tí wọn ò béèrè irú ajá tó jẹ́, ẹ ṣọ́ra fún wọn, àwọn ìran ajá kan wà tí oògùn yẹn máa ń wọ inú ọpọlọ wọn. Omi ewé dóńgóyárò kò burú, ó ń lé kòkòrò díẹ̀, àmọ́ kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò pẹ̀lú ajá, ẹ má fi pawúdà ajá tàbí oògùn tó bá ní permethrin sára ológbò láé. Ara ajá gbà á, ológbò ń kú.

Bí ẹ bá rí èyí tó ti jẹ mọ́ ara, tèèyàn ni o, tajá ni o, ẹ má fi iná sìgá sun ún, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí fasilíìnì kùn ún. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń yọ irun ojú gbá orí ẹ̀ mú níbi tó ti wọ awọ, ẹ fà á tààrà sókè jẹ́jẹ́, ẹ má yí i, ẹ sọ ọ́ sínú spirit, ẹ fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ọwọ́ kàn. Ẹ wo inú etí, abẹ́ apá, abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, àárín ọmọ ìka. Ẹ má sì rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ já eégbọn lára ajá tí ọmọ náà ò lè sún mọ́, mo ti rí ọmọ tí wọ́n ran ọwọ́ ẹ̀ nílé ìwòsàn torí ẹ̀. Àwọn àgbà ní eégbọn tó so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, adìẹ kọ́ ló máa bá a já a.

Ìdí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dá ìjà sílẹ̀ ní míítìn nìyí. Eégbọn máa ń kó àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, babesia ni wọ́n ń pe ọ̀kan, ehrlichia ni wọ́n ń pe èkejì. Ajá tó jẹun láàná á dùbúlẹ̀, ara ẹ̀ á gbóná, èrìgì ẹ̀ á funfun, ìtọ̀ ẹ̀ á dúdú, òmíì á máa sun ẹ̀jẹ̀ nímú. Bó bá kú, olówó ẹ̀ á ní aládùúgbò ló fún un ní májèlé. Mo ti jókòó sáàárín irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin méjì tó jọ ń lọ mọ́ṣáláṣí kan náà kò kí ara wọn mọ́ torí ajá, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tètè gbé ajá yẹn lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, oògùn ẹ̀ wà. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Amẹ́ríkà sì máa ń fi fídíò àrùn Lyme ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n má fi já ara wọn láyà, eégbọn inú igbó ọ̀hún tó ń gbé ara àgbọ̀nrín àti eku ló ń fa ìyẹn, kì í ṣe ti ajá ilé wa. Àmọ́ tí eégbọn bá jẹ èèyàn, tí ara ẹ̀ wá ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó sọ fún dókítà pé eégbọn jẹ òun, kó má jẹ́ oògùn ibà nìkan ni wọ́n á máa fún un.

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹnì kan lè ṣe é nílé tiẹ̀ kó má ràn án lọ́wọ́, bí plọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá jẹ́ igbó. Ọ̀rọ̀ tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Ládùúgbò wa, a lè ka àwọn tó ra plọ́ọ̀tì méjì mẹ́ta sílẹ̀ tí wọn ò kọ́ nǹkankan sí i, wọ́n wà l'Ékòó, wọ́n wà nílùú òyìnbó, wọ́n ń dúró kílẹ̀ wọ́n sí i. Igbó tó hù níbẹ̀ ti ga ju èèyàn lọ, ejò ń tibẹ̀ wọlé, eku ń tibẹ̀ wọlé, eégbọn náà. A pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ò sí nílé. Láyé wolé-wolé, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀, ẹni tí igbó bá yí ilé ẹ̀ ká, wolé-wolé á dé, á bá a ṣẹjọ́. Ìmọ́tótó oṣooṣù tí ìjọba ológun Buhari gbé dìde láàárín 1984 sí 1985, ẹ bínú sí i bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ó ń mú kálukú gbé àdá. Mi ò sọ pé kí sójà padà wá nà wá lẹ́gba o. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rán àwọn òṣìṣẹ́ elétò ìlera àyíká wọn dé àwọn àdúgbò etí ìlú, kì í ṣe àárín ọjà nìkan, kí wọ́n fi ìwé sọwọ́ sí ẹni tó ni ilẹ̀ tó di igbó, tó bá kọ̀ kí wọ́n gé e kí wọ́n fi bíìlì ránṣẹ́ sí i.

Kí ìjọba tó dé, ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù lè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo gbé síwájú míítìn tiwa ni pé ká gé igbó orí plọ́ọ̀tì tí ò léèyàn ṣáájú òjò àti láàárín òjò, ká kọ owó ẹ̀ sílẹ̀ sí orúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́ tó bá fẹ́ wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tó sì nílò kí ẹgbẹ́ bá a lọ́wọ́ sí i, á kọ́kọ́ san án. Àwọn kan ní a ò lẹ́tọ̀ọ́, pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ká tún jọ pinnu ọjọ́ kan tí dókítà ẹranko máa wá, kí gbogbo ajá àdúgbò gba oògùn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ajá ẹnì kan tí ò gbà á ló máa tún pín eégbọn fún gbogbo wa. Ìyẹn ni wọ́n fara mọ́, wọ́n sì ti ń dá owó ẹ̀. Ti plọ́ọ̀tì la ò tíì parí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ní ilẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà tẹ́ ẹ ń ka èyí níbi tẹ́ ẹ wà, nọ́ńbà akọ̀wé wà lára géètì àdúgbò, ẹ pè.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù kan,
Ọ̀nà Mọ́níyà, Ìbàdàn